Akọrin Tó Ń Ta Gàrí

Ìbéèrè: Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí mo bá dé ìsọ̀ gàrí mi, èébú ló ń ti ẹnu mi jáde, ìdí kóńgò mi sì ti tẹ̀ wọnú. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá Onígàrí

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá wa, tí ẹ kò fi bò. Ó jọ pé ẹ̀rù àìjèrè ló ń tì yín sí i. Ẹ ra kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, kẹ́ ẹ fowó tó yẹ lé gàrí. Léfítíkù orí 19 dárúkọ òṣùwọ̀n gan-an, pé kó jẹ́ òtítọ́. Sákéù inú Bíbélì náà ṣèlérí láti dá ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bu ènì rẹpẹtẹ fáwọn oníbàárà àtijọ́. Bí ìbínú bá ru, ẹ mumi kẹ́ ẹ tó fèsì. Bí ìbínú náà bá le débi pé oorun dá lójú yín, tàbí tẹ́ ẹ ti ń lu ọmọ, ẹ tètè rí dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ fún pásítọ̀ yín.