Àjọ Aláìlérè tàbí Àjọ tí Kì í Pín Èrè?

Nínú èdè Yorùbá, "aláìlérè" kì í ṣe orúkọ rere, nítorí iṣẹ́ tí kò lérè ni èyí tí a ṣe títí tí a kò rí nǹkan kan mú bọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ yìí ni àwọn kan ń fi pe àjọ aláàánú, àṣìlò náà sì ń da ojú ọ̀nà rú fún ẹni tí ó ń ṣòwò, tí ó tún ń darí àjọ tí ó bá òwò náà tan.

Bí aránṣọ kan ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó ìkọ́ṣẹ́ ní iṣẹ́ ìránṣọ, ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú owó oníbàárà lẹ́yìn owó òwú, owó iná àti owó ṣọ́ọ̀bù ni èrè, ó sì lè jẹ ẹ́. Àjọ náà lè ta aṣọ iléèwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rán, kí ó jèrè, kò sì rú òfin; pípín èrè náà ni òfin kọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2020, tí a mọ̀ sí CAMA, fi orúkọ òwò sí Apá E, ó sì fi àwọn àjọ tí ó ní alámòójútó, ìyẹn àwọn tí a fi ohun-ìní àjọ lé lọ́wọ́, sí Apá F, níbi tí ó ti pàṣẹ pé ète àjọ nìkan ni kí a ná owó rẹ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ gbà kí òṣìṣẹ́ gba owó iṣẹ́ tí ó tọ́. "Àjọ tí kì í pín èrè" ni ó bá òfin yìí mu.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "ni" pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Aránṣọ ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kò ni àjọ, ó dá a sílẹ̀ ni. ’Gbenga Sesan ni olùdásílẹ̀ Paradigm Initiative, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 tí ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, a kì í sì í pè é ní ẹni tí ó ni ín. Ìyàtọ̀ kan náà ló wà láàárín "dá àjọ" àti "dá àjọ sílẹ̀": ẹni tí ó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ yóò kó owó rẹ̀ nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá àjọ sílẹ̀ kò ní ohun tí yóò kó.

Nítorí náà, bí owó àjọ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, "mo mú un lò" kò tó láti kọ sínú ìwé owó. "Yá" ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí a óò dá a padà àti orúkọ àwọn alámòójútó tí ó fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí àwọn èèyàn fi ta àjọ lọ́rẹ ni ṣọ́ọ̀bù fi ń ránṣọ oníbàárà, ṣọ́ọ̀bù háyà rẹ̀ ni, kí ó sì san owó háyà sínú àpò àjọ.