Aáyù Tí Àrùn Mú: Èyí Tí A Ó Jẹ àti Èyí Tí A Ó Gbìn

Aáyù kì í so hóró tí àgbẹ̀ lè ká gbìn. Orí aáyù tí à ń rà lọ́jà náà ni irúgbìn rẹ̀. A ó tú u sí ẹyọ-ẹyọ, a ó sì ri ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, bí àgbẹ̀ oníṣu ṣe ń gbin èbù. Nítorí náà, àrùn tó bá mú aáyù lóko lọ́dún yìí lè bá a wọ inú àká, kí àwa fúnra wa sì tún fi ọwọ́ gbé e padà sóko lọ́dún tó ń bọ̀.

Apá Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbin aáyù jù: Sókótó, Kébbi, Kánò, Jígáwá, Katsina. Nígbà tí òjò bá ti lọ ni wọ́n ń gbìn ín, wọn a máa bomi rin ín nínú ọyẹ́, wọn a sì kórè rẹ̀ kí òjò tó padà dé.

Aáyù tó gbó, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pọ́n, tí á sì gbẹ, nígbà tí tòkè ṣì tutù. Gbogbo oko ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pa pọ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan péré ló pọ́n ṣáájú àkókò, ẹ fura. Ẹ wú ọ̀kan níbẹ̀ wò. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti rà, tí ìdí rẹ̀ sì ti dúdú, ẹ mọ̀ pé àrùn ti wọ oko nìyẹn.

Nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ kórè, ẹ dá omi dúró. Ibi tí ara aáyù ti le ni kí ẹ kọ́kọ́ wà, kí ibi tó ṣàìsàn kẹ́yìn, nítorí ọkọ́ àti bàtà a máa kó àrùn kiri. Apẹ̀rẹ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má fi ewé fà á tu, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì jù ú lulẹ̀: ojú egbò ni àrùn ń gbà wọlé. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, títí ọrùn rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ooru tó bá le jù lè sọ ẹyọ inú rẹ̀ di rúsúrúsú, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe àrùn o, kì í sì í ràn.

Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà yóò kàn. Èyí tó le koko, tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ mọ́, òun ló ń lọ sí àká, inú rẹ̀ náà ni a ó sì ti mú irúgbìn. Èyí tí àrùn ewé kò jẹ́ kó tóbi, ṣùgbọ́n tó le, kò sóhun tó ṣe é fún ọbẹ̀. Ẹ tètè jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tètè tà á. Ẹ má ṣáà gbìn ín. Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú bá wà lára èèpo òde, ẹ bó o wò. Tí ẹyọ inú bá funfun, tó le, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Tí ẹyọ fúnra rẹ̀ bá ti bu tàbí tó ti rọ̀, ẹ má gé apá kan dá sí. Ẹ sun ún. Ẹ má kó o sórí ààtàn, ẹ má sì dà á sínú omi tí gbogbo àdúgbò fi ń rin oko.

Àrùn kan ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ sísun. Ìdí aáyù ló ń jẹ, ibẹ̀ á bu funfun, wóró dúdú tíntìntín á sì wà lára rẹ̀. Ilẹ̀ tútù ló fẹ́. Ó ti ba oko jẹ́ lórí àwọn òkè Ethiopia, ní Íjíbítì àti ní California. Wóró yẹn lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún 20 lọ. Òórùn gbòǹgbò aáyù tàbí àlùbọ́sà ló ń jí i. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn wá dọ́gbọ́n sí i: wọ́n da aáyù lílọ̀ sínú ilẹ̀ tí wọn kò gbin nǹkan kan sí, wóró náà jí, kò rí oúnjẹ, ebi sì pa á. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ lè ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ.

Ẹni tó bá sì gbin àlùbọ́sà tẹ̀lé aáyù kò tíì fún ilẹ̀ nísinmi, torí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọkà bàbà, àgbàdo tàbí ìrẹsì ló yẹ kó gba ilẹ̀ ọ̀hún, fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán.

Inú apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò aláwọ̀n ni kí ẹ kó aáyù sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Nínú yàrá gbígbẹ tí atẹ́gùn ń wọ̀, ó lè pẹ́ tó oṣù kan sí méjì. Òtútù fíríìjì a máa mú un hù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó bá rà. Ti irúgbìn ńkọ́? Ẹ má tú u sí ẹyọ títí ọjọ́ gbígbìn yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Èyí tó bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ lè bó o, kí ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a títí yóò fi gbẹ kanrin. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni kíkó o sínú ìgò òróró, kí a gbé e kalẹ̀ sínú ilé. Kòkòrò àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé; nínú òróró yẹn, ó lè ṣe májèlé tí imú kò ní gbóòórùn rẹ̀, tí ẹnu kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1985, ní Vancouver, nílẹ̀ Kánádà, èèyàn 36 ló ṣàìsàn nítorí aáyù inú òróró tí wọ́n jẹ nílé oúnjẹ kan. Májèlé náà a máa mú kí ojú rí nǹkan ní méjì-méjì, kí ahọ́n wúwo, kí èémí sì ṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ aáyù nínú òróró, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dáná ni kí ẹ pò ó.