Ìgbéyàwó Wo Ni Ẹ Ṣe, Ìwé Rẹ̀ Dà?

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ìjà tọkọtaya bá ti le, ohun tí wọ́n máa ń bi wá ni pé, "Ṣé ilé ẹjọ́ ìhín lè tú wa ká, àbí ó di dandan kí a lọ sílé?" Kí a tó dáhùn, àwa náà a bi wọ́n pé: ìgbéyàwó wo ni ẹ ṣe, ìwé rẹ̀ dà?

Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe ìdána, tí a sì tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí rẹ́jísírì. Bí ó bá jẹ́ ìdána nìkan ni, kóòtù ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà lè tú u ká, kí wọ́n sì dá owó orí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ òfin, yálà ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ni agbára lórí rẹ̀ nílé, lábẹ́ òfin ọdún 1970.

Ibí gan-an ni wàhálà wà. Àwọn àgbà ẹbí á jókòó, wọ́n á dá owó orí padà, wọ́n á ní ó ti parí. Ọkọ á sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísírì. Kò tíì parí o! Ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì ni ìyàwó níwájú òfin, ìgbéyàwó kejì kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà kọ sílẹ̀ fún irú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ adájọ́ nílé, ohun tí a ní láti fi hàn ni pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀kan nínú ẹ̀rí rẹ̀ ni pé tọkọtaya ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì kò sì takò ó, tàbí ọdún 3 bó tilẹ̀ takò ó.

Níhìn-ín, òfin tuntun fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2023. Ọkọ tàbí ìyàwó lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀ láìdá ẹnì kejì lẹ́bi, ẹ sì lè béèrè pé kí wọ́n lo òfin ilé yín. Ìwé ìgbéyàwó láti Nàìjíríà ní láti ní òǹtẹ̀ ìjọba ilé àti ti ìhín, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Lárúbáwá. (Ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí màmá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kí ó tètè ránṣẹ́ o.) Bí ọ̀kan nínú yín bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ má sì rò pé ìdájọ́ Dubai yóò dúró fúnra rẹ̀ nílé. Òfin Nàìjíríà máa ń wo ibi tí ènìyàn fi ṣe ilé títí lọ, físà iṣẹ́ nìkan kò sì sọ ìhín di bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń dùn wá jù. Òfin 2023 fún bàbá àti ìyá ní ẹ̀tọ́ dọ́gba láti tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti ilẹ̀ yìí kò sí nínú àdéhùn Hague ti ọdún 1980, tó ń dá ọmọ tí òbí kan gbé sálọ padà. Bí ẹnì kan bá gbé ọmọ láti Sharjah lọ sí Ìbàdàn láìsọ fún ẹnì kejì, kò sí ọ̀nà kúkúrú láti gbà á padà.

Àwọn ìyàwó tí físà wọn so mọ́ ti ọkọ a máa bẹ̀rù pé ọjọ́ tí ìgbéyàwó bá tú ni wọn yóò kúrò nílùú. Láti ọdún 2018, obìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú, tàbí tí ọkọ rẹ̀ kú, lè béèrè fún ọdún 1 sí i, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, láìsí onígbọ̀wọ́.