Ìtaagun àti Ìdínkù Ọ̀rá: Àbá lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ nípa Oúnjẹ àti Ìdárayá

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìyípadà tí oúnjẹ àti ìdárayá ń mú bá ara ènìyàn. Láti ọdún 1970 tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ni ó ti hàn gbangba pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìwé Ède-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, sì la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ara ni a fẹ́ fi kún un níhìn-ín. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a ó gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti agbègbè rẹ̀ ni a ó ti mú àpẹẹrẹ oúnjẹ àti iṣẹ́.

2.0 Ìtumọ̀ sanra àti rù

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) Adé ti sanra.
(2) Adé ti rù.

Ní ojú sáyẹ́ǹsì, gbólóhùn méjèèjì pọ́nna. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá ni ó pọ̀ sí i lára Adé nínú (1). Ó sì lè jẹ́ pé iṣan rẹ̀ ni ó ki sí i. Nínú (2) pẹ̀lú, a kò mọ̀ bóyá ọ̀rá ni ó dín tàbí iṣan. Bí ara ti tóbi tó lójú ni sanra àti rù ń sọ. Wọn kò sọ ohun tí ara ní tàbí ohun tí ó pàdánù.

Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ru ẹrù mìíràn. Bí ọmọ Ìmùṣin kan bá ti ìdálẹ̀ dé tí wọ́n wí fún un pé ó ti sanra, ìyìn ni. Bí wọ́n bá wí pé ó rù, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí ni ó ṣe é. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni ilé ìwòsàn pé "Ẹ gbìyànjú láti rù" ti sọ ohun tí ó jọ èpè létí àgbàlagbà.

Èdè wa kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí fún apá kan ọ̀rọ̀ yìí:

(3) Àgbẹ̀ náà taagun.

A kì í lo taagun fún ẹni tí ikùn rẹ̀ kàn yọ síwájú. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ le, tí ó sì lágbára, ni a ń lò ó fún. A dábàá pé kí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ṣẹ̀dá ìtaagun fún kíki iṣan, kí a sì máa lo ìdínkù ọ̀rá fún ìdàkejì sísanra tí dókítà ń fẹ́.

3.0 Iṣan àti ọ̀rá

Iṣan pàápàá pọ́nna. À ń lò ó fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, à ń lò ó fún okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, à ń lò ó fún ẹran tí ń sún egungun. A dábàá iṣan-ẹ̀jẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, iṣan-egungun fún ìkejì àti iṣan-ẹran fún ìkẹta.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rá-oúnjẹ kúrò lára ọ̀rá-ara bákan náà. Bí a kò bá yà wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé epo àti ọ̀rá tí a jẹ nìkan ni ó ń di ọ̀rá lára. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rá-ara ni àká tí ara ń kó àjẹṣẹ́kù agbára sí, ìbáà jẹ́ láti inú epo tàbí láti inú ẹ̀bà. Iṣan-ẹran kì í sì í di ọ̀rá bí ènìyàn bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Èkíní lè dín, kí èkejì sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

4.0 Oúnjẹ

Ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí a mọ Ìjẹ̀bú mọ́, tó láti fi kọ́ni ní èròjà mẹ́ta. Ewùrà inú rẹ̀ ni èròjà afáralókun; ẹja inú rẹ̀ ni ó ní purotéènì púpọ̀; epo pupa inú rẹ̀ sì ni ọ̀rá-oúnjẹ. Gíráàmù 1 èròjà afáralókun ń fún ara ní nǹkan bí kálórì 4. Ti purotéènì jẹ́ 4 bákan náà. Ti ọ̀rá jẹ́ 9. Bí a bá yọ ẹja kúrò nítorí ọ̀wọ́n, àwo lè kún bí ti àná, ṣùgbọ́n ohun tí iṣan-ẹran fi ń tún ara rẹ̀ ṣe ti lọ. Gàrí náà rí bẹ́ẹ̀: purotéènì inú gíráàmù 100 rẹ̀ kò tó 3, nígbà tí ti ẹ̀wà gbígbẹ lé ní 20.

Ìwọ̀n tí a sábà ń dábàá fún àgbàlagbà ni gíráàmù purotéènì 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tí ó jẹ́ kílò 60 yóò nílò 48. Fún ẹni tí ń gbẹ́rù láti taagun, nǹkan bí 1.6 ni, èyí tí ó jẹ́ 96 fún ẹni yẹn.

Àwọn kan ń pe purotéènì ní èròjà amáradàgbà. A kò lòdì sí i fún ọmọdé tí ń dàgbà, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí ó lè ṣini lọ́nà, nítorí ó dún bí ẹni pé jíjẹ ẹ́ nìkan ti tó. Iṣan-ẹran tí a kò fún níṣẹ́ kì í ki. Ọ̀rọ̀ àyálò náà ni kí a dì mú.

5.0 Ìdárayá

Eré ìdárayá ni ó gbilẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n eré ti há ìtumọ̀ náà mọ́. Ẹni tí ń kọ ebè tàbí tí ń gun ọ̀pẹ kò ṣeré, síbẹ̀ iṣan-ẹran rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìdárayá nìkan ni a fọwọ́ sí, kí a sì pín in sí méjì: ìdárayá ìgbẹ́rù, tí ń mú ìtaagun wá, àti ìdárayá amúnimí, bí ìrìn kíákíá àti eré sísá, tí ń mú kí a mí gidigidi. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìdárayá amúnimí tí kò le jù lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, pẹ̀lú ìdárayá ìgbẹ́rù ní ọjọ́ 2 ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀-ìṣe yọ́, bí a ti ń wí pé "ọ̀rá ń yọ́", kò yẹ. Òun ni ó mú kí àwọn kan máa di ọ̀rá mọ́nú nínú aṣọ nípọn nípọn, kí wọ́n lè làágùn. Omi ni òógùn. Bí a bá mu omi, ìwọ̀n ara yóò padà. Ní 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown fi ìṣirò hàn pé nínú kílò 10 ọ̀rá tí ara bá lò tán, 8.4 ń bá èémí jáde gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ kábọ́ńdáyọ́sáìdì, 1.6 yòókù sì di omi. Lílo ọ̀rá ni ó tọ́.

6.0 Ìwúlò fún ògbufọ̀

Bí agbára tí a ń jẹ kò bá tó èyí tí à ń ná, ara yóò ṣí àká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rá nìkan ni yóò mú. Bí ènìyàn bá kàn dín oúnjẹ kù láìgbẹ́rù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ó pàdánù lè má jẹ́ ọ̀rá, iṣan-ẹran sì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tí a sọ fún pé kí ó rù, tí ó wá fi ẹja àti ẹ̀wà sílẹ̀, tí ó ń mu gàrí lásán, lè fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì lè gbé e dìde mọ́. Nítorí náà, dípò (4), (5) ni kí a kọ:

(4) Ẹ rù díẹ̀.
(5) Ẹ dín ọ̀rá-ara kù, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí iṣan-ẹran yín dín.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé sanra àti rù kò tó fún ẹ̀kọ́ yìí, a sì ti dábàá ìtaagun, ìdínkù ọ̀rá, iṣan-ẹran, ọ̀rá-ara, ìdárayá ìgbẹ́rù àti ìdárayá amúnimí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má kí ará ilé rẹ̀ pé ó sanra mọ́. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ dán ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì àti ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì jẹ́ kí a mọ èyí tí etí gbà àti èyí tí ó kọ̀.