Ẹ Wo Ihò Ara Kámẹ́rà Yín Kí Ẹ Tó Ra Rìmóòtù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ iṣẹ́ mi ti ọjà dé pẹ̀lú rìmóòtù kámẹ́rà tuntun. Lọ́jọ́ kejì la fẹ́ lọ ya fọ́tò ẹbí ńlá kan níbi ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Ó tú u nínú páálí, ó fẹ́ kì í bọ ara kámẹ́rà, kò wọlé. Ẹnu wáyà náà jẹ́ ti kámẹ́rà tí ihò rẹ̀ ní eyín mẹ́ta. Ihò róbótó kan ṣoṣo ló wà lára tiwa, ó dà bí ihò yapíìsì fóònù, àmọ́ ó kéré jù ú lọ. Canon ni kámẹ́rà wa, ti Canon náà sì ni rìmóòtù ọ̀hún. Ọlọ́jà kò parọ́ fún wa. Àwa la kò mọ ohun tó yẹ ká béèrè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin fọtogíráfà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ̀ọ̀mù: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà nìkan kò tó láti fi ra rìmóòtù. Nọ́ńbà kámẹ́rà gan-an lẹ máa mú lọ sọ́jà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Iṣẹ́ rìmóòtù kì í ṣe kékeré. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà á mì díẹ̀. Lọ́sàn-án, kò séwu, torí kíákíá ni ojú rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí ẹ fẹ́ kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí iná mọ́tò orí afárá Third Mainland lè fà gbọọrọ bí okùn, ìmì kékeré yẹn ti tó láti ba fọ́tò jẹ́. Níbi fọ́tò ẹbí ẹ̀wẹ̀, rìmóòtù ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà, kẹ́ ẹ máa wo ojú èèyàn, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́jú.

Oríṣi mẹ́ta ló pọ̀ lọ́jà. Oníwáyà ni mo fẹ́ràn jù. Kò wọ́n, èyí tó jẹ́ bọ́tìnnì lásán kò sì nílò bátìrì. Ihò ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Canon 700D àti 80D ń lo ihò róbótó kékeré. 5D, 6D àti 7D ń lo eléyín mẹ́ta. Nikon D850 àti D500 ní ihò eléyín mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti D750 àti D7200 yàtọ̀ sí i. Nikon D3500 kò tilẹ̀ ní ihò rìmóòtù rárá. Fóònù lẹ máa fi darí rẹ̀.

Èkejì ń ṣiṣẹ́ bí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. RC-6 ti Canon jẹ́ irú rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ ju nǹkan bíi mítà 5 lọ. Iwájú kámẹ́rà ni ojú tó ń gbà á sábà máa ń wà, nítorí náà ẹni tó dúró sẹ́yìn lè tẹ̀ ẹ́ títí láìrí nǹkan kan. Oòrùn líle náà lè dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ń lo ìgbì rédíò. Ó ń lọ jìnnà, ògiri kò sì tètè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ní ohun kékeré tó ń gba àṣẹ, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kámẹ́rà: ẹ tún padà sórí ọ̀rọ̀ ihò nìyẹn. Bátìrì rẹ̀ náà di méjì.

Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sọ́jà. Bó bá jẹ́ oníwáyà tàbí ti rédíò, ẹ tẹ rìmóòtù dé ìdajì: lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ yí kí àwòrán sì mọ́ kedere. Ẹ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀: kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí kò bá wọ ihò, ẹ má fipá tì í. Eyín tó bá tẹ̀ nínú ihò yẹn yóò gba owó tó ju owó rìmóòtù lọ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń lo bátìrì pẹlẹbẹ róbótó bíi kọ́bọ̀. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má fipá mú un bì. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ má ra gbàrọgùdù. Ẹ yí kámẹ́rà sí èyí tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó yà. Ohun tí àwa náà lò níbi ọjọ́ ìbí yẹn nìyẹn, fọ́tò náà sì dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, mo bẹ̀ yín, ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó rí i kó ya fọ́tò lára kámẹ́rà tiyín.