Họ́mọ̀nù Pọ̀ Lẹ́jẹ̀, Ọmọ Ò Ga

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí họ́mọ̀nù bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ ni họ́mọ̀nù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, àfi tó bá dé ara sẹ́ẹ̀lì tó ní olùgbà tirẹ̀, tí olùgbà náà sì dì í mú, ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an tó di jíjẹ́. Olùgbà yìí kò sì rí bákan náà lára gbogbo wa, torí jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ sábà máa ń kéré débi pé ẹni tó ní in lè má mọ̀ títí ayé. Nígbà mìíràn, ó máa ń yí ìgbésí ayé èèyàn padà pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wo họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè. Ẹ̀yà ara kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá dé ẹ̀dọ̀, olùgbà ibẹ̀ á dì í mú, ẹ̀dọ̀ á wá máa pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní IGF-1, tó wà lára ohun tó ń mú eegun ọmọdé gùn. Ní 1966, Dókítà Zvi Laron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì kọ̀wé nípa ọmọ ìyá mẹ́ta tí wọn ò ga rárá, bẹ́ẹ̀ họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àdììtú ni. Nígbà tó di 1984, wọ́n bu díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ aláìsàn méjì tó ní irú ìṣòro yìí, wọ́n fi họ́mọ̀nù náà kàn án láti wò ó bóyá yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lẹ̀. Olùgbà ni kò gbà á. Torí pé IGF-1 ò sì jáde, kò sí ohun tó máa sọ fún ìsàlẹ̀ ọpọlọ pé ó tó, ló bá ń tú họ́mọ̀nù jáde ṣáá.

Ẹnì kan lè sọ pé ebi ló ń pa àwọn ọmọ náà. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, torí họ́mọ̀nù yìí máa ń pọ̀ lẹ́jẹ̀ ọmọ tí ebi ń pa náà, IGF-1 rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bọ́ ọmọ yẹn dáadáa, IGF-1 rẹ̀ á gòkè. Ti ẹni tí olùgbà rẹ̀ lábùkù kò ní gòkè, bó tilẹ̀ ń jẹ àjẹyó, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà sì ń ga bó ṣe yẹ. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n kúkú gún họ́mọ̀nù kún họ́mọ̀nù fún un. Asán ni, èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá kò rí ẹni gbà á. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n gún IGF-1 fúnra rẹ̀ fún ọmọ náà kí eegun rẹ̀ tó dáwọ́ gígùn dúró. Àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí ní 2005.

Àtakò tó le jù ni pé kò sí nǹkan kan nínú irú ìyàtọ̀ báyìí ju àdánù lọ. Àmọ́ ní ẹkùn Loja àti El Oro ní gúúsù Ecuador, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ní in. Dókítà Jaime Guevara-Aguirre ṣàkíyèsí wọn fún ọdún 22. Nígbà tí òun àti Valter Longo, tí wọ́n jọ ṣèwádìí náà, gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹnì kan péré ni jẹjẹrẹ mú, kò sì pa á. Nínú àwọn ẹbí wọn tí kò ní àbùkù yìí, nǹkan bí 5 nínú 100 ló ní ìtọ̀ ṣúgà, 17 nínú 100 sì ní jẹjẹrẹ. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn sanra, sísanra sì ló sábà máa ń fa ìtọ̀ ṣúgà. Àmọ́ họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè máa ń dí ínsúlínì lọ́wọ́. Níbi tí olùgbà rẹ̀ kò bá ti ṣiṣẹ́, ínsúlínì á ráyè. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló fi gígùn du eegun, òun náà ló sì gba ara lọ́wọ́ ìtọ̀ ṣúgà. Mi ò pè é ní ẹ̀bùn o. Gìrì, ọtí àti jàǹbá pa púpọ̀ nínú wọn, wọn ò sì pẹ́ láyé ju àwọn ẹbí wọn lọ.