Kí Ló Pa Nǹkan Oṣù Pọ̀ Mọ́ Agbára Ẹsẹ̀?

Lónìí, ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́.

Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé. Aṣọ ni màmá ń tà ní Balógun, òkè kejì sì ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ru ìdì àǹkárá, wọ́n á gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Àmọ́ láti ìgbà tí wọn ò ti rí nǹkan oṣù mọ́, agbedeméjì ni wọ́n ti ń dúró mí. Àwọn ará ọjà ní ọwọ́ ayé ni. Màmá ní, "Ọmọ mi, n ó gbé ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀, kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́."

Mo ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù ná."

Iṣan tí mo fẹ́ sọ níbí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá o. Ẹran ara tó so mọ́ egungun, tó ń jẹ́ ká rìn, ká gbé ẹrù, ni. Lára fọ́nrán rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà tí Alexander Mauro ṣàpèjúwe lọ́dún 1961. Satellite cell ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣe ni wọ́n máa ń sùn. Bí iṣan bá ya, wọ́n á jí, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì dà pọ̀ mọ́ fọ́nrán tó ya láti tún un ṣe.

Ibo ni estrogen ti wá wọ̀ ọ́? Ilé ẹyin obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mọ̀nù yìí. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú iṣan, ó sì ń dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì atúnṣe yìí kí wọ́n má bàa kú. Lọ́dún 2019, ìwádìí kan jáde nínú Cell Reports: nígbà tí estrogen kúrò lára àwọn abo eku, sẹ́ẹ̀lì atúnṣe wọn fi ìdá 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àbájáde àkọ́kọ́ lára àwọn obìnrin díẹ̀ tí nǹkan oṣù wọn dúró náà tọ́ka síbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ayé?

Ṣùgbọ́n àwọn atúnṣe yẹn dín kù ni, wọn ò tán. Iṣan tí a ò bá lò, ńṣe ló ń joro. Ìjókòó jẹ́ẹ́ á kàn dá kún un ni. A kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wò, torí ohun tó ń mú kó rẹ èèyàn pọ̀. Ní báyìí, láràárọ̀, màmá á dìde lórí àga, wọ́n á tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ò wọ́n nínú oúnjẹ wọn mọ́. Oògùn họ́mọ̀nù wà, àmọ́ dókítà ló ń pinnu ẹni tó yẹ. Kì í ṣe ohun tí à ń rà lórí àtẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá ṣì dúró mí lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n dé òkè, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ lọ bi màmá tiyín léèrè: àtẹ̀gùn ńkọ́?